Ta Ló Jókòó Sídìí Ẹ̀rọ Mi?

Peckham, London
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 1991

Ẹ̀bùnọlá àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́, àbí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ ti ògiri rìn? Ní tiwa níhìn-ín, òtútù ló kù díẹ̀ kó pa wá. Yìnyín bọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá débi pé ọkọ̀ ojú irin kò rìn mọ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi dé ibi iṣẹ́, etí mi méjèèjì sì kú.

Kásẹ́ẹ̀tì ìsìn ọdún tuntun tí o fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Má rò pé ìwàásù ni mò ń gbọ́ o, bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ ni mò ń fetí sí. Ohùn Pásítọ̀ já gaara. Kọ́yà kò bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ariwo "hùùù" tó máa ń wà lábẹ́ ohùn nígbà tèmi, mi ò gbọ́ ọ rárá. Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?

Nígbà tí mò ń bọ̀ níhìn-ín ní 1989, Alàgbà Gbénró tó ń bójú tó gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọ dìde níwájú àwọn ènìyàn, wọ́n ní, "Àga ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn yìí, ti Kọ́lápọ̀ ni títí yóò fi padà dé." Ìwọ náà wà níbẹ̀, ìwọ lo tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ jù. Ọwọ́ rẹ ni mo fi kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹ̀rọ lé. Mo ní kí o máa tàn án láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí o máa pa á bí wọ́n bá ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán. Ẹni tó kàn ń tan ẹ̀rọ tó ń pa á kò lè gba irú ohùn yìí sílẹ̀ láéláé.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó síbẹ̀, Ẹ̀bùn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń jẹ ìrẹsì Kérésì, èmi wà lórí àkàbà, mò ń so sípíkà mọ́ igi àjà. Mi ò lè wà níhìn-ín kí òtútù máa gé mi jẹ, kí ẹnì kan sì wà nílé tó ń jẹ orúkọ tí mo fi òógùn kọ́. Ṣé Mọ́rúfù ni? Mọ́rúfù onírédíò ọmọ Gàmbàrí, ọ̀rẹ́ mi ni, òun ló ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe bó bá bàjẹ́, mi ò sì ní nǹkan kan sí i. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni. Kó lọ jókòó ti ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí, kó fi tiwa sílẹ̀. Dá mi lóhùn kíákíá, ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n fojú kan oorun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Kọ́lápọ̀


Ìlọrin
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta, 1991

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Màmá ní kí n kí yín, wọ́n ní kí ẹ máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì méjì léra. Orúnkún ti fúyẹ́, wọ́n tiẹ̀ ti lọ Ọ̀mù-Àrán bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Níléèwé, wọ́n ti gbé kíláàsì karùn-ún fún mi, ariwo àwọn ọmọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi létí.

Ní ti ẹ̀rọ, ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́rúfù kọ́. Òun kàn fi ọjọ́ Sátidé mélòó kan kọ́ ẹni tó wà níbẹ̀ níṣẹ́ ni, ó sì fi ibi tí "hùùù" yẹn ti ń wá hàn án. Ọmọ ìjọ ni ẹni náà, inú ìjọ la bí i sí bí a ti bí yín. Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ ná. Mo mọ yín: bí ẹ bá gbọ́ orúkọ, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí àléébù lára iṣẹ́ tí ẹ ti yìn tán.

Èmi náà ní ìbéèrè. Ìjọ wo lẹ ń lọ? Alàgbà Gbénró kọ̀wé sí ẹ̀ka ìjọ wa ní London kí wọ́n lè bá wọn kí yín. Àwọn yẹn ní ẹ wá lẹ́ẹ̀mejì péré, àwọn kò tún fojú kàn yín mọ́. Alàgbà bi mí, mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n máa parọ́ nítorí yín o. Ẹ sì mọ òfin: ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ sin ìjọ mìíràn kò gbọdọ̀ di ipò mú nínú tiwa. Ẹ kò gbàgbé Ayọ̀mídé tó jẹ́ olùkọ́ kọ́yà, tó lọ tẹ dùùrù fún ìjọ tuntun kan ní àdúgbò Challenge lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin gan-an lẹ pa máìkì mọ́ ọn lẹ́nu níbi tó ti ń tọrọ àforíjì.

Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ ohun kan. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ti ń jẹ téèpù. Àwọn arúgbó mẹ́sàn-án ló wà tí wọn kò lè jáde nílé mọ́, kásẹ́ẹ̀tì tí à ń gbé fún wọn nìkan sì ni ìsìn wọn. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ kan, ẹ bá wa fi ránṣẹ́.

Àbúrò yín,
Ẹ̀bùnọlá


Peckham, London
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, 1991

Ẹ̀bùn,

Ṣé ẹ wà dáadáa? Bá mi kí Màmá.

Lẹ́tà rẹ dé, ó sì dùn mí. "Ẹni náà, ẹni náà." Ṣé ẹni náà ti wá tóbi ju kí a dárúkọ rẹ̀ fún mi lọ ni? Mo ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì Àjíǹde tí o fi tẹ̀lé e. Ó dára ju ti ọdún tuntun lọ, inú mi sì bàjẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Mò ń fi etí wá àṣìṣe kiri inú rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí, ẹnì kan wúkọ́.

Ní ti ìjọ, mo ń lọ tiwa bí àyè bá ṣe gbà mí. Ó jìnnà, ọkọ̀ méjì ni. Sọ bẹ́ẹ̀ fún Alàgbà.

Hadiza ọmọ Alhájì Sàní tó ń gbé lódìkejì ilé wa ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀. Mo fi ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tuntun rán an. Bí ojú kan kásẹ́ẹ̀tì bá tán, fúnra rẹ̀ ló ń yí sí ojú kejì, kò dúró de ọwọ́ ènìyàn. Mi ò rò pé irú rẹ̀ wà ní Ìlọrin. Sọ fún ẹni náà kó má fọwọ́ kan bọ́tìnì rẹ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ, kó jẹ́ kó dúró fúnra rẹ̀, kó má bàa bà á jẹ́. Kí wọ́n sì kọ orúkọ mi gàdàgbà sí i lára.

Mo tún gba ohùn mi sínú kásẹ́ẹ̀tì kan tí mo rí nílẹ̀ níbí, kí ẹ gbé e sí i lọ́jọ́ ìdúpẹ́ àádọ́rin ọdún Màmá. Ó pẹ́ tí ìjọ ti gbọ́ ohùn mi. Kí ẹni náà gbọ́ ọ pẹ̀lú, kó mọ ẹni tó ni ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Kọ́lápọ̀


Ìlọrin
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ, 1991

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ lẹ́tà yìí, mo ya méjì dànù.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá la ṣe ìdúpẹ́ Màmá. Ẹ̀rọ yín ti dé láyọ̀, a sì ti kọ orúkọ yín sí i bí ẹ ti wí. Lẹ́yìn orin ọpẹ́, a gbé kásẹ́ẹ̀tì yín sí i. Ẹ kí ìjọ, ẹ gbàdúrà fún Màmá, ẹ kì wọ́n ní oríkì, gbogbo ilé sunkún. Màmá ń jó, orúnkún kò rántí mọ́ pé òun ń dunni. Ohùn yín tán, a rò pé ó parí nìyẹn. Pásítọ̀ ti gun àga ìwàásù. Ni ẹ̀rọ bá dún "kàṣà", ó yí sí ojú kejì fúnra rẹ̀ bí ẹ ti ní yóò ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀rọ tó báyìí, ẹ kò wo ohun tó wà lójú kejì kásẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fi ránṣẹ́! Ohùn ọkùnrin kan bọ́ síta nínú gbogbo sípíkà, ó ń fi òyìnbó sọ pé kí àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún Brother Kola, olórí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ ìjọ àwọn láti ọdún kan sẹ́yìn. Ó ní Brother Kola sọ fún òun pé nínú gbogbo ayé òun, ìjọ àwọn yìí ni òun ti kọ́kọ́ mọ̀ pé òun wà nílé. Àwọn ènìyàn hó yèè. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ẹ̀rín yín.

Màmá dá ijó dúró. Wọ́n ní, "Ẹ̀rín Kọ́lá nìyẹn." Wọ́n wá jókòó jẹ́jẹ́.

Ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnì, ṣùgbọ́n ẹ ti ní kí a má pa á. Kí n tó pinnu pé kó bàjẹ́ bó bá fẹ́ bàjẹ́, Alàgbà Gbénró ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ mi. Èmi ni "ẹni náà", láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ lọ. Nígbà tí ẹ lọ, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n ṣe, ohùn Pásítọ̀ ń já, ó ń so. Mo lọ bá Mọ́rúfù pé kó kọ́ mi. Ẹ̀rù yín ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi. Mo jowú. Ọdún mọ́kànlá lẹ fi wà pẹ̀lú wa, a kò gbọ́ kí ẹ rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ojú líle lẹ kó fún wa, ẹ kó ẹ̀rín lọ fún àwọn ará Peckham.

Ìgbìmọ̀ ti jókòó lánàá. Alàgbà ní òfin tó mú Ayọ̀mídé kò lè fo Kọ́lápọ̀. Wọ́n yọ orúkọ yín kúrò nínú ìwé àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n ní ìka tó tọ́ símú la fi ń ro ó, pé èmi ni n ó máa ṣe olórí ìdí ẹ̀rọ láti ìsinsìnyí lọ. Mi ò kọ̀ ọ́.

Àbúrò yín,
Ẹ̀bùnọlá


Peckham, London
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹwàá, 1991

Ẹ̀bùnọlá,

Ìwọ. Ìwọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bátìrì sínú tọ́ọ̀ṣì. Ká ní Mọ́rúfù ni, kò ní dùn mí tó báyìí. Ìwọ ni mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́, o sì fi kọ́kọ́rọ́ náà ṣílẹ̀kùn wọlé. Gbogbo ìgbà tí mò ń yin iṣẹ́ yẹn tí inú mi ń bàjẹ́, ṣe lò ń kà á tí ò ń rẹ́rìn-ín.

O ní o jowú. Èmi náà jowú, owú tèmi sì ju tìrẹ lọ. Kí o má bàa ní mi ò sọ fún ọ, mo ti kọ̀wé sí Alàgbà Gbénró. Máìkì méjèèjì, gbogbo wáyà, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo rà wọ́n. Mo yá ìjọ ni, mi ò fi wọ́n tọrẹ. Níwọ̀n bí wọ́n ti yọ orúkọ mi, kí wọ́n yọ ẹrù mi náà.

Kí Màmá.

Kọ́lápọ̀


Ìlọrin
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejìlá, 1991

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Màmá wà, a dúpẹ́.

Wọ́n ka lẹ́tà yín nínú ìgbìmọ̀. Alàgbà Gbénró ní, "Ẹ jẹ́ ká kó nǹkan oníǹkan fún un." Alàgbà fúnra wọn ló gun àkàbà, àgbàlagbà ọlọ́dún márùndínláàádọ́rin, wọ́n tú gbogbo wáyà náà, wọ́n ká wọn dáadáa, wọ́n kó wọn sẹ́yìn Volkswagen wọn wá sílé wa. Wọ́n ní kí Màmá yẹ ẹrù náà wò bóyá ó pé. Màmá kò yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní kí n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ náà ló wà.

Kérésì wá bá wa láìsí máìkì. Àwọn tó jókòó sábẹ́ àgọ́ níta kò gbọ́ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ara wọn ni wọ́n ń sọ. Pásítọ̀ pariwo títí ohùn wọn fi há. Ni mo bá dìde, mo dúró sí àárín, mò ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, mò ń ké e sí àwọn tó wà lẹ́yìn, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, bí mo ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ojú ń tì mí, mo sì ń bínú sí yín ní gbogbo àsìkò yẹn, kódà níbi tí mo ti ń ké "àlàáfíà ní ayé".

Èyí tó dùn mí jù ni ti Bàbá Isaiah, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó mẹ́sàn-án yẹn. Ọdún kẹta rèé tí wọn kò dìde lórí ibùsùn. Ọmọ wọn obìnrin, Jọmílójú, wá lọ́sàn-án Kérésì láti gba kásẹ́ẹ̀tì wọn. Mo ní kò sí. Ó ní, "Àǹtí, kí ni kí n wá sọ fún wọn?" Ẹ̀yin, ẹ bá mi sọ ọ́.

Àbúrò yín,
Ẹ̀bùnọlá


Ìlọrin
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin, 1992

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín. Ó di oṣù mẹ́rin, ẹ kò fèsì. Bí mo bá ti kúrò níléèwé ni mò ń yà ní Post Office. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ti mọ̀ mí, láti òkèèrè ló ti ń mi orí sí mi pé kò sí. Ẹ bínú sí mi, ẹ má bínú sí Màmá. Wọ́n ń béèrè bóyá òtútù ló mú yín mọ́lẹ̀.

Mọ́rúfù mú máìkì àlòkù kan wá fún wa láti ìsọ̀ rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Mo jẹ́ kó mọ ohun tí ẹ kọ nípa rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ẹ̀bùn, wàláhì, èmi tó ní kí n lọ jókòó ti mọ́ṣáláṣí, èmi náà ló padà wá ń bá a tún ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ṣe. Kó fọkàn balẹ̀ jàre. Mi ò bá a du àga."

Bàbá Isaiah kú ní oṣù Kejì. Jọmílójú ní láti Kérésì títí wọ́n fi kú, kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbọ́ ní àgbọ́túngbọ́. Èyí tí ẹ gbà sílẹ̀ ní 1988 ni, pẹ̀lú "hùùù" rẹ̀. Tiyín ni wọ́n gbọ́ kẹ́yìn, kì í ṣe tèmi. Mo jowú ìyẹn náà, Ọlọ́run dárí jì mí.

Àbúrò yín,
Ẹ̀bùnọlá


Peckham, London
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Keje, 1992

Ẹ̀bùnọlá àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí Màmá. Sọ fún wọn pé ara mi le, ojú ló ń tì mí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, gbogbo rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ìwọ lo fà á", mo sì ń ya á.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Isaiah wọ̀ mí lára. Mo wá kásẹ́ẹ̀tì 1988 kan jáde nínú àpótí mi, mo gbé e sí i, mo wá gbé tìrẹ tẹ̀lé e. Ẹ̀bùn, tìrẹ dára ju tèmi lọ. Ó ti pẹ́ tí etí mi ti mọ̀, ẹnu mi ni kò gbà. Ìlara ni, mi ò ní fún un lórúkọ mìíràn. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé mi ò tiẹ̀ fẹ́ wá jókòó sí àga náà mọ́. Mo kàn fẹ́ kó ṣófo ni, kí gbogbo ìjọ máa wò ó, kí wọ́n máa ní, "Háà, Kọ́lápọ̀!" Nítorí ìyẹn ni mo ṣe jẹ́ kí àgbàlagbà gun àkàbà, tí mo sì gba ìsìn lọ́wọ́ arúgbó tó wà lórí ibùsùn ikú.

Ní ti ìjọ tí mo wà, mi ò ní parọ́ mọ́. Nígbà tí mo lọ sí ẹ̀ka tiwa níbí, wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí wá láti ilé, kí n sì jókòó fún oṣù mẹ́fà kí n tó lè fọwọ́ kan wáyà. Jíjókòó yẹn ni mi ò lè ṣe. Àwọn ti Peckham kò béèrè ìwé. Wọ́n ní, "Brother, ṣé o mọ ẹ̀rọ?" Inú mi dùn, mo sì rẹ́rìn-ín bí o ti gbọ́ ọ. Mi ò ní kúrò níbẹ̀. Sọ fún Alàgbà pé ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe.

Kó gbogbo ẹrù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn padà fún ìjọ. Ọrẹ ni. Kí wọ́n ha orúkọ mi kúrò lára ẹ̀rọ.

Wọ́n ti fún mi ní ìsinmi níbi iṣẹ́, mò ń bọ̀ wálé fún Kérésì. Ohun kan ló ń dẹ́rù bà mí, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Láti ìgbà tí mo ti di ọ̀dọ́kùnrin, ìdí ẹ̀rọ ni mo máa ń wà ní gbogbo ìsìn. Bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn báyìí, níbo ni n ó jókòó sí?

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Kọ́lápọ̀


Ìlọrin
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹjọ, 1992

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, inú wa dùn. Ọkùnrin Post Office gan-an ló sáré jáde wá pàdé mi. Mo ka lẹ́tà yín sétí Màmá, mo sì fo ibi tí ẹ ti ní tèmi dára ju tiyín lọ. Nígbà tí wọ́n wọlé, mo jókòó, mo ka ibẹ̀ fún ara mi lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti kó ẹrù náà padà. Alàgbà Gbénró gbà á, ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí a ha orúkọ yín kúrò. Wọ́n ní ipò ni àwọn gbà lọ́wọ́ yín, àwọn kò ní da ọrẹ yín nù. Kásẹ́ẹ̀tì ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn arúgbó mẹ́jọ tó kù.

Kí ẹ tó wọ bàálù, mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan. Ẹ kò ní jókòó sídìí ẹ̀rọ, kódà fún orin kan ṣoṣo. Kì í ṣe òfin Alàgbà nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mi ò ní gbà. Ẹ ó ní kí ẹ kàn bá mi wò ó ni, ọwọ́ yín á sì ti wà lórí bọ́tìnì.

Mo bi Màmá léèrè ibi tí ẹ ó jókòó sí. Wọ́n ní ìlà kẹta, lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn. Mo ní, ṣé ẹ ti jókòó síbẹ̀ rí? Wọ́n fi ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà sílẹ̀, wọ́n ronú títí. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ẹ lọ sí ìlà àwọn ọmọdé, ẹ ti ibẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ, àti pé láti ìgbà tí àwọn ti sọ̀ yín kalẹ̀ lẹ́yìn àwọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ kò tún jókòó ti àwọn mọ́.

Àbúrò yín,
Ẹ̀bùnọlá